Ohùn Tí Wọ́n Fi Kọ́ Abiléèrè

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá Jímọ̀ kú, Abiléèrè, ẹ̀rọ tó ń kí wọn láràárọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ le. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjì ni ẹ̀rọ náà kí i, ó dáhùn, ẹ̀rọ sì fi àmì àlàáfíà síwájú orúkọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, ọkùnrin náà ti jókòó sílẹ̀ níta Àgọ́ Keje nínú ẹ̀wù èémí rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n ń fi yí kẹ̀kẹ́ yẹn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ká jọ sórí itan, kò sì sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀wù rẹ̀ ló tán.

Òkè-Ìmọ́lẹ̀ ni orúkọ ìlú náà, orí òṣùpá ló sì wà. Orí òkè kan tí oòrùn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ níbẹ̀ ni àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ dé tẹ̀dó sí, gbogbo ìlú kò sì ju igba ènìyàn ó lé díẹ̀ lọ nísinsìnyí. Ìsàlẹ̀ òkè yẹn ni kòtò yìnyín wà, nínú òkùnkùn biribiri àti òtútù tí kò ṣeé fẹnu sọ. Yìnyín ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Òun ni wọ́n ń yọ́ mu, òun náà ni ẹ̀rọ ń sọ di afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Àgọ́ mẹ́rìnlá ló yí kòtò náà ká, ẹnì kan ṣoṣo sì ni àgọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ogójì ọjọ́ lẹni náà máa ń lò kí ẹlòmíràn tó wá rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohùn mìíràn tó ń bá a sọ̀rọ̀ láràárọ̀ bí kò ṣe ti Abiléèrè.

Àyọ̀ká ló ṣe Abiléèrè. Nígbà tó kọ́kọ́ dé láti ilé (ayé ni wọ́n ń pè ní ilé lọ́hùn-ún), àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fẹ́ fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín sábẹ́ awọ gbogbo ènìyàn, kí ó máa sọ bí ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà yarí kanlẹ̀. Bàbá Dúrójayé, tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ láti ìgbà náà, ní òun kò ní gba ohun tí yóò máa yọ́ wo inú òun bí òun bá ń sùn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi pariwo mọ́ra wọn. Àyọ̀ká ló wá pẹ̀tù sí i. Ó ní ṣebí a máa ń kí ara wa láràárọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kí wa, kí ó máa gbọ́ ohùn àti èémí ẹni tó ń dáhùn, kí ó máa fi ìyẹn mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Inú àwọn àgbà dùn. Ẹ̀rọ tó mọ ènìyàn kí, ta ni yóò kọ̀ ọ́?

Láti ọdún mọ́kànlá ló sì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó mú ikọ́, ó mú ibà, ó mú àwọn tí èémí wọn ti ń kúrú kí àwọn fúnra wọn tó fura. Àléébù kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn ni ọ̀rọ̀ Sìkírátù. Awayìnyín ni Sìkírátù, ọmọ ogójì ọdún, obìnrin tó ń gbé ẹrù ọkùnrin méjì, tí ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Abiléèrè ti ní kó lọ sinmi pé ara rẹ̀ kò dá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́rí lásán kò tíì ṣe é rí.

“Àǹtí,” ló máa ń wí fún Àyọ̀ká, “ẹ̀rọ yín yìí ò mà fẹ́ràn ẹni tínú ẹ̀ ń dùn o.”

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Sìkírátù yìí náà ló lọ gbé òkú Bàbá Jímọ̀. Nígbà tó padà dé, ó kó àwọn ẹrù bàbá náà wá sí yàrá ìgbìmọ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì: bàtà, Kùránì kékeré kan, àwòrán ọmọ mẹ́ta, àti síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tí wọ́n di bí àpò.

“Orí ẹ̀rọ amúlé-gbóná ni mo ti bá eléyìí,” ló wí. Ó tú u. Iyọ̀ ni, ó tó ìgò méjì, ó ti di pupa rẹ́súrẹ́sú nítorí iná. “Mo ti rò ó títí, mi ò rí i rò. Iyọ̀ wo ni wọ́n ń sè nínú síńgílẹ́ẹ̀tì?”

Ẹnì kan ní bóyá orí bàbá ti ń dàrú. Àwọn yòókù mi orí. Àyọ̀ká kò lè gbójú kúrò lára iyọ̀ náà, nítorí irú rẹ̀ gan-an wà lábẹ́ ìrọ̀rí òun náà.

Ìrora kan ló ń bá obìnrin yìí gbé. Ọrùn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, lápá òsì, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká, yóò gba apá lọ títí dé ìka méjì tó kẹ́yìn. Bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fún aṣọ tútù ló máa ń ṣe é. Ọdún tí òkun gba àdúgbò wọn ló kọ́kọ́ dé. Orí òrùlé ni òun àti Mosún ọmọ rẹ̀ wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà mú, kò jù ú sílẹ̀ títí ọkọ̀ ojú omi fi dé. Ọkọ rẹ̀ ti bá omi lọ. Omi fà, wọ́n rí ibòmíràn gbé, ṣùgbọ́n èjìká Àyọ̀ká kò gbà pé ó ti parí. Àwọn dókítà ya fọ́tò inú rẹ̀ títí ó fi sú wọn. “Kò sí nǹkankan níbẹ̀, Mà,” ni wọ́n máa ń sọ.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀rù ló kó wọ̀ yín lára, Mà, ara yín ò sì tíì mọ̀ pé omi ti fà. Ìrora gidi ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dá yín lójú pé irọ́ ni. Ẹ máa fi iyọ̀ gbígbóná lé e. Ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rìn. Kẹ́ ẹ sì máa sọ fún ẹnì kan bó bá ti ń dùn yín.”

Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni Àyọ̀ká ń ṣe. Ìkẹrin kò sí lára ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ. Wọ́n á kí i pé ṣé ara le, á ní a dúpẹ́. Ó sì fi tọkàntọkàn gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ó rí. Ó fi Mosún sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrá, ó wá iṣẹ́ lọ sí òṣùpá, níbi tí òkun kankan kò lè dé. Ó lo ọdún kan àti díẹ̀ níbẹ̀ kí ìrora náà tó fi í sílẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tó lọ. Ọjọ́ kan ló kàn rí i pé òun ti na ọwọ́ sókè mú ife lórí pẹpẹ, kò sì dùn òun.

Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi sinmi. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìjọba ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà, wọ́n ti àwọn èbúté òfurufú pa, ọkọ̀ kò wá sí òṣùpá mọ́. Wọ́n dín oúnjẹ kù ní Òkè-Ìmọ́lẹ̀. Ìròyìn tó bá dé lónìí, tọ̀la á ní irọ́ ni. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà nílé òkú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bí Àyọ̀ká ti ń bọ bàtà, nǹkan kan mú un lọ́rùn. Ó dúró gbagidi. Ó mọ ẹni tó dé. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó sì sunkún, kì í ṣe nítorí pé ó dùn ún jù, bí kò ṣe pé ó ti rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Oṣù méje ti kọjá lórí ìyẹn. Ní báyìí ọkọ̀ kan ń bọ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ó dé, òun sì ni ìkẹyìn títí di ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ènìyàn mẹ́fà péré ni yóò gbé lọ sílé. Òfin ìlú ni pé ẹni tí kò bá ní àmì àlàáfíà ní àádọ́rùn-ún àárọ̀ léraléra kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀, nítorí pé gbígbéra ọkọ̀ yẹn lè pa ẹni tí ara rẹ̀ kò dá. Orúkọ Àyọ̀ká ni ìkejì nínú àwọn mẹ́fà náà. Mosún ti di ìyàwó ilé, oyún inú rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹsàn-án. “Mo ti tún yàrá yín ṣe, Màmá,” ló wí nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. “Mo ra bẹ́ẹ̀dì tuntun síbẹ̀. Mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé.” Ọdún méjìlá ni wọn kò tíì fojú kan ara wọn.

Nítorí náà, bí aago mẹ́fà bá ti lù, tí ẹ̀rọ sì ní, “Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ara le?”, Àyọ̀ká á ní, “Ara le, a dúpẹ́.” Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí ìrora náà padà dé, ẹ̀rù bà á pé Abiléèrè yóò gbá òun mú. Kò gbá a mú. Ó fún un ní àmì. Obìnrin náà tilẹ̀ yin ara rẹ̀ pé òun mọ nǹkan mọ́ra.

Bàbá Dúrójayé fún un ní ọjọ́ mẹ́ta kí ó fi wádìí ohun tó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Àyọ̀ká ti ilẹ̀kùn mọ́rí nínú yàrá iṣẹ́, ó gbé ìdáhùn Bàbá Jímọ̀ síwájú ara rẹ̀, ó ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí bàbá náà ti wọ Àgọ́ Keje. Ọjọ́ méjìlá àkọ́kọ́, ohùn náà ń dún bí ó ti máa ń dún, ohùn ọkùnrin tó fẹ́ràn àwàdà. Ní ọjọ́ kẹtàlá, nǹkan kékeré kan yọ. “Ara le,” ni bàbá náà wí, ó dá èémí dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ kọjá òkúta, kí ó tó wá ní, “a dúpẹ́.” Ọjọ́ kẹrìnlá, bẹ́ẹ̀ náà ni. Láti ibẹ̀ títí dé àárọ̀ tó kú, kò sí ọjọ́ kan tí èémí dídádúró yẹn kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀rọ gbọ́ ọ. Kò ṣeé ṣe kí ó má gbọ́ ọ, nítorí pé ó máa ń gbọ́ ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló wá dé tí ó fi kà á sí àlàáfíà?

Àyọ̀ká ṣí àpótí ohùn tí wọ́n fi kọ́ Abiléèrè ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ò lè mọ àìsàn bí kò bá kọ́kọ́ mọ bí ohùn ẹni tí ara rẹ̀ le ṣe ń dún. Nítorí náà wọ́n ní láti kó ẹgbẹ̀rún ìdáhùn fún un. Ó bẹ àwọn ará ìlú nígbà náà, wọ́n ní ọwọ́ àwọn dí. Ọgọ́rùn-ún péré ló rí gbà lọ́wọ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹgbẹ̀rún-dín-ọgọ́rùn-ún tó kù, láràárọ̀, fún oṣù mẹ́rin, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn dókítà ṣáà ti ní kò sí nǹkankan níbẹ̀. Kì í ṣe aláìsàn.

Ó tẹ ọ̀kan. Ohùn ara rẹ̀ jáde, ó kéré sí ti ìsinsìnyí lọ́jọ́ orí. “Ara le,” èémí dídádúró, “a dúpẹ́.” Ó tẹ òmíràn. Ó tẹ ogún, ó tẹ ọgọ́ta. Nínú gbogbo wọn ni ìrora rẹ̀ wà bí ó ti wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Òun ló kọ́ ẹ̀rọ yìí pé bí ara líle ṣe ń dún nìyí. Ìdí tó fi ń lé Sìkírátù lọ sí ibùsùn náà nìyẹn. Kò gbọ́ ìrora lẹ́nu rẹ̀, ó sì rò pé nǹkan ń ṣe é.

Ó wá wo ìdáhùn àárọ̀ ọjọ́ náà láti àgọ́ mẹ́rìnlá. Èémí dídádúró yẹn wà nínú ti mẹ́sàn-án.

Àyọ̀ká jókòó lọ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga. Wàhálà ìgbà yìí ti wọ àwọn ènìyàn lára gẹ́gẹ́ bó ṣe wọ òun náà lára, oníkálukú sì ń dá gbé e mì nínú àgọ́ rẹ̀. Bí òun bá yọ ohùn òun kúrò nínú ẹ̀rọ, ìgbìmọ̀ yóò béèrè ìdí. Bí òun bá sọ ìdí, àádọ́rùn-ún àárọ̀ òun ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó mú ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà tí wọn yóò ṣí lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbéra. Ó kọ ìlà mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni kò kúrò lójú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kò pọ̀, ló wí fún ara rẹ̀. Wọ́n á lè mú un mọ́ra.

Ó gbé fóònù, ó pe Àgọ́ Kọkànlá. Adéoyè ló wà níbẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń gbin ata sínú agolo.

“Adéoyè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ara le?”

“Ara le,” ni Adéoyè wí. Àyọ̀ká gbọ́ ọ bí ó ṣe dá èémí dúró. “A dúpẹ́, Mà.”

“Ṣé ẹ ń jáde lónìí?”

“Lẹ́yìn oúnjẹ, Mà. Ó ku ibì kan tí mo fẹ́ wà.”

“Ọwọ́ yín ńkọ́?”

“Ọwọ́ kẹ̀, Mà? Kò ṣe nǹkan kan.”

“Ẹ má jáde,” ni Àyọ̀ká wí. “Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ ilẹ̀kùn yẹn títí tẹ́ ẹ máa fi gbọ́ ohùn mi.” Ó fa lẹ́tà náà ya, ó sì lọ sí yàrá ìgbìmọ̀ láìdúró de ọjọ́ kẹta.

Ènìyàn méje ló jókòó níbẹ̀, Bàbá Dúrójayé wà láàárín wọn pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tí kì í ṣí. Sìkírátù wà lẹ́nu ọ̀nà. Àyọ̀ká jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn Bàbá Jímọ̀, lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn kejì, láì sọ ẹni tó ni ín. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn, pé ohùn kejì yìí ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ Abiléèrè, àti pé ìrora wà nínú rẹ̀.

“Mi ò gbọ́ ìrora kankan níbẹ̀,” ni Bàbá Dúrójayé wí. “Ọkùnrin náà ní ara òun le. Ṣé o fẹ́ sọ fún wa pé òkú parọ́ ni?”

“Kò parọ́, sà. Ó dáhùn ìkíni ni.”

“Kí ló burú nínú ìyẹn? Àyọ̀ká, mo wà níbí kí o tó dé. Nígbà tí a jẹ́ ènìyàn mọ́kàndínlógún, tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn wọlé. Òun la fi wà láàyè. Bí oníkálukú bá ń jí tó ń ka ibi tó ń dùn ún, ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ wa yìnyín?”

“Bàbá, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò gòkè padà mọ́ ni.”

Ariwo díẹ̀ sọ láàárín wọn. Bàbá Dúrójayé gbé ọwọ́ sókè, ariwo náà sì rọlẹ̀.

“Ó dáa. Ohùn kejì tí o ní ó ní ìrora nínú, ohùn ta ni? Báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹni náà kàn ń mí?”

Àyọ̀ká wo ilẹ̀. Èjìká òsì rẹ̀ ń fà, ó ń fà, títí dé ìka méjì tó kẹ́yìn. Ojú ń tì í bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ lójú ọjà.

“Tèmi ni, sà. Mo mọ̀ nítorí pé ó ń dùn mí nígbà yẹn. Ó sì ti padà dé. Láti oṣù méje ló ti ń dùn mí, ó ń dùn mí bí mo ṣe dúró níwájú yín yìí.”

“Yéè, Àǹtí,” ni Sìkírátù wí lẹ́nu ọ̀nà.

Ohùn Bàbá Dúrójayé ti rọ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀. “Ṣé o mọ ohun tí o sọ yìí, ọmọ mi? Orúkọ rẹ wà lára àwọn mẹ́fà.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Ọmọ rẹ ń retí rẹ.” Ó fọwọ́ kan etí ara rẹ̀. “Mo ti dàgbà. Etí mi kì í gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tó wà níbí yìí náà, mo lè bẹ̀ wọ́n pé kí etí tiwọn náà di díẹ̀. A lè yọ ohùn náà kúrò, ká má bi ọ́ léèrè ẹni tó ni ín.”

Oore ni bàbá náà fẹ́ ṣe, Àyọ̀ká sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ohùn yẹn láìsọ ìdí, àwọn mẹ́sàn-án yòókù á máa bá a lọ láti dúpẹ́ títí ọwọ́ wọn ó fi kọ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà,” ló wí, omi sì ti dé ojú rẹ̀. “Ẹ gbọ́ ọ.”

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn dókítà yẹ Sìkírátù, tí Abiléèrè ti ń lé lọ sí ibùsùn, wò, wọ́n sì rí i pé ara rẹ̀ dá jù ti gbogbo ìlú lọ. Bí Sìkírátù ṣe gba àyè Àyọ̀ká nínú ọkọ̀ nìyẹn. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó ń lọ. Ó dì mọ́ Àyọ̀ká, ó rántí, ó yára gbé ọwọ́ kúrò ní èjìká òsì rẹ̀. Àyọ̀ká ní kó tún dì mọ́ òun, pé kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbéra, yàrá oúnjẹ dákẹ́ débi pé ènìyàn ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan àwo. Àyọ̀ká kò ní ẹlòmíràn tó ń bá jẹun.

Sí Mosún, ọ̀rọ̀ kúkúrú ló fi ránṣẹ́: iṣẹ́ dá mi dúró, má bínú.

Wọ́n nu gbogbo ohun tí Abiléèrè mọ̀ kúrò. Títí di ìgbà tí wọn yóò fi kọ́ ọ lákọ̀tun, Àyọ̀ká fúnra rẹ̀ ló ń pe àgọ́ mẹ́rìnlá láràárọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ jáde kí ó tó pè é. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a dúpẹ́ ni gbogbo wọn ń wí. Ó wá yí i padà, ó kọ́kọ́ ń sọ tirẹ̀. “Ọrùn ló jí mi lónìí. Mo ti fi iyọ̀ lé e, mo ti rìn yí gbọ̀ngàn ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?” Ojú tì í fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, Adéoyè ní, “Ọwọ́ òsì ni tèmi, Mà. Kò fẹ́ ká láàárọ̀.” Wọ́n sì rán ẹnì kan lọ rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ikùn. Àyọ̀ká kò ní oògùn fún wọn. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mí díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ fún wọn pé ìrora gidi ni, ó sì ń kí wọn pẹ̀lẹ́. Ìrora tirẹ̀ kò lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó máa ń fúyẹ́.

Mosún pè ní ọjọ́ kejìlélógún tí ọkọ̀ ti gbéra. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ayọ̀ wà nínú rẹ̀.

“Màmá, ọmọbìnrin ni. Ó jọ yín níwájú orí. Àná la bí i.”

Àyọ̀ká pariwo, ó sunkún, ó gbàdúrà fún un, ó ní kó gbé ẹnu ọmọ súnmọ́ fóònù kí òun gbọ́ bó ṣe ń mí. Wọ́n gbé e súnmọ́ ọn, ó sì gbọ́ ọ.

“Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?” ni Mosún wí. “Ṣé ara le?”

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu Àyọ̀ká. Ó tilẹ̀ ti dá èémí dúró kí ó tó sọ ọ́. Ó jẹ́ kí èémí náà jáde.

“Rárá, Mosún. Ara mi ò le. Kì í ṣe iṣẹ́ ló dá mi dúró. Èjìká òsì mi ló ń dùn mí. Láti ọdún omi ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lọ, ó tún padà dé, mi ò sì sọ fún ọ rí.”

Ó ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kí ohùn tó ti òṣùpá dé ilé, ó sì tún gbà bẹ́ẹ̀ kí èsì tó padà. Àyọ̀ká ń dúró. Kí ọ̀rọ̀ kankan tó dé, ó gbọ́ èémí tó dá dúró díẹ̀ ní etí okùn náà lọ́hùn-ún, irú èyí tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

“Èmi náà, Màmá,” ni Mosún wí. “Èjìká ọ̀tún ni tèmi. Ọwọ́ tẹ́ ẹ dì mú lórí òrùlé. Láti ìgbà yẹn.”

“Mosún! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ẹ̀yin náà máa ń ní ara yín le, Mà.”

Àpò iyọ̀ náà ti ń tutù lórí èjìká Àyọ̀ká. Ó mú un kúrò níbẹ̀, ó gbé e lọ́wọ́, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí, nítorí pé kò sí ọkọ̀ tó ń lọ sílé mọ́.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ló wí. “Pẹ̀lẹ́. Sọ fún mi bó ṣe ń ṣe ọ́. Mo ń gbọ́.”